Bàálù Orí Ìwé àti Bàálù Ojú Òfuurufú: Ta Ló Ń San Owó Ìyàtọ̀ Tó Wà Láàárín Wọn?

Lórí ojú ewé ọrọ̀ ajé yìí, owó ilé, owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì la sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Lọ́tẹ̀ yìí, a fẹ́ gbé ojú sókè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàálù la fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé a ti kúrò nídìí ìṣirò. Ìṣirò gan-an ni.

Ọ̀pọ̀ wa ló mọ bó ṣe máa ń rí. Èrò ti wọlé tán, ẹrù ti wọlé tán, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, síbẹ̀ bàálù ò gbéra. Awakọ̀ á wá sọ̀rọ̀ láti iwájú pé slot la ń dúró dè, pé ó kù tó 40 ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá wo ìta láti ojú fèrèsé, kò sí òjò, kò sí kùrukùru. Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni ilé iṣẹ́ bàálù ń pa. Nígbà mìíràn, kì í ṣe irọ́. Ibì kan wà lójú ọ̀nà, tó lè jìnnà gan-an sí Heathrow tàbí Gatwick tí ẹ jókòó sí, tí wọ́n ti ṣírò pé bàálù á pọ̀ jù níbẹ̀ ní àkókò tí tiyín yóò débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹ ṣì dúró nílẹ̀.

Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni pé: iye bàálù tí wọ́n kà sórí ìwé, ṣé òun náà ló máa ń dé ojú òfuurufú? Rárá o, kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ní iye owó tó ń ná èèyàn, gbogbo wa la sì jọ ń san án, yálà a mọ̀ tàbí a ò mọ̀.

Bọ́jẹ́ẹ̀tì inú òfuurufú

Ẹ jẹ́ ká fi òde àríyá ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní ẹnì kan pe 200 èèyàn wá sí gbọ̀ngàn. Alásè mọ̀ wá dáadáa. Ó mọ̀ pé àwọn kan tí a pè á mú ọ̀rẹ́ méjì dání, pé àwọn kan tó ní "a ń bọ̀" kò ní yọjú, àti pé ẹni tí a ní kó dé ní aago 2 lè dé ní aago 5. Nítorí náà, oúnjẹ 260 èèyàn ló máa sè. Bí 200 bá dé, oúnjẹ ṣòfò. Bí 320 bá dé, ìtìjú dé. Àwa oníṣirò owó máa ń pe ti àkọ́kọ́ ní bọ́jẹ́ẹ̀tì, a máa ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a ó sì kọ ìyàtọ̀ àárín wọn sí ìlà kẹta. Ìlà kẹta yìí ni ọ̀gá tó gbọ́n máa ń kọ́kọ́ wò.

Òfuurufú Yúróòpù náà ní bọ́jẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Wọ́n pín in sí ẹkùn-ẹkùn, bí a ṣe ń pín ìlú sí àdúgbò. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní àwọn olùdarí tó ń fi rédà àti rédíò tọ́ àwọn bàálù sọ́nà kí wọ́n má baà sún mọ́ra jù. Ojú àti ọpọlọ ọmọ ènìyàn níbi tí agbára rẹ̀ mọ, nítorí náà wọ́n máa ń kéde iye bàálù tí ẹkùn kan lè gbà láàárín wákàtí kan. Bí wọ́n bá rí i pé èyí tó ń bọ̀ ju èyí tí wọ́n lè gbà lọ, wọ́n á dá àwọn kan dúró kí wọ́n tó gbéra. Igi gangan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ó sàn kí bàálù dúró ní pápákọ̀ ju kó máa yí po lójú ọ̀run lọ, kó máa jó epo, kó sì máa kó ìdààmú bá ẹni tó ń darí rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, ọ́fíìsì márùn-ún ló ń pín iṣẹ́ yìí ṣe: London, Paris, Frankfurt, Rome àti Madrid. Nígbà tí ìdádúró pọ̀ lápọ̀jù ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn mínísítà ètò ìrìnnà ní Yúróòpù pinnu pé kí ojú kan ṣoṣo máa wo gbogbo rẹ̀. Láàárín 1995 sí 1996, àjọ EUROCONTROL gba iṣẹ́ náà ní Brussels, nílẹ̀ Belgium. Ní 2011, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fún un ní oyè tó ń jẹ́ títí dòní, ìyẹn Network Manager.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ilé iṣẹ́ bàálù gbọ́dọ̀ fi ìwé ètò ìrìnàjò, èyí tí wọ́n ń pè ní flight plan, ránṣẹ́ ní ó kéré tán wákàtí 3 kí bàálù tó kúrò níbi tó gúnlẹ̀ sí. Irú bàálù tó jẹ́, ọ̀nà tó máa gbà, bó ṣe máa ga tó, bó ṣe máa sáré tó àti aago tó máa gbéra, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé yẹn. Kọ̀ǹpútà á ṣírò ìṣẹ́jú tí bàálù kọ̀ọ̀kan máa wọ ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Bí iye rẹ̀ bá ju agbára ẹkùn kan lọ, kọ̀ǹpútà á pín àyè fún wọn: ẹni tí ìwé sọ pé ó yẹ kó kọ́kọ́ dé ẹkùn náà ló máa kọ́kọ́ kọjá. Àyè yìí ni slot. Tó bá ku wákàtí 2 kí bàálù kúrò nídìí ibùdó ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́. Bí slot yín bá jẹ́ aago 10:00, ẹ lè gbéra láti aago 9:55 títí di aago 10:10. Bí ẹ bá kọjá ìyẹn, ẹ lọ tọrọ òmíràn.

Ibi tí ìṣirò ti ń yà

Lórí ìwé, ètò yìí mọ́ lóló. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀.

Àkọ́kọ́, òfin fúnra rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ìyàtọ̀. Ẹ wo bàálù méjì tó ń lọ sí ẹkùn kan náà. Ti àkọ́kọ́ gba slot aago 10:00, ìkejì gba ti aago 10:10. Ti àkọ́kọ́ lè gbéra ní 10:10, kí ìkejì sì gbéra ní 10:05. Àwọn méjèèjì pa òfin mọ́, síbẹ̀ ẹni tó yẹ kó tẹ̀ lé ọmọnìkejì rẹ̀ ti ṣíwájú.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ pápákọ̀. Èrò kan ò yọjú, wọ́n ní láti tú ẹrù rẹ̀ jáde. Ọkọ̀ epo pẹ́. Bàálù tó ń ti ibòmíràn bọ̀ kò tètè dé. Òfin ní bí ìyípadà bá ju ìṣẹ́jú 15 lọ, kí wọ́n ránṣẹ́ sí Brussels, àmọ́ àwọn kan máa ń pẹ́ kí wọ́n tó ránṣẹ́. Ìwé bàálù mìíràn tilẹ̀ máa ń wà nínú kọ̀ǹpútà nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ti fagi lé ìrìnàjò náà. Ó gba àyè, kò sì yọjú.

Ìkẹta ni ọgbọ́n àyínìke. Ilé iṣẹ́ bàálù kan lè rí i pé ẹkùn tó wà lókè ti kún, pé slot ibẹ̀ á dá òun dúró. Yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé ìsàlẹ̀ lòun máa gbà. Nígbà tó bá gbéra tán, awakọ̀ á bẹ olùdarí pé kó jẹ́ kóun gòkè, torí pé epo kì í tètè tán lókè bíi ti ìsàlẹ̀. Olùdarí tó fẹ́ ṣoore lè gbà fún un. Bàálù yẹn ti wọ ẹkùn tí kò sí nínú ìṣirò ibẹ̀.

Ìkẹrin, oore náà máa ń da ìṣirò rú. Olùdarí lè ní kí awakọ̀ gba ọ̀nà àbùjá torí pé ọ̀nà dá. Inú awakọ̀ dùn, ó dín ìṣẹ́jú mélòó kan kù. Ṣùgbọ́n ẹkùn tó wà níwájú ò tíì retí rẹ̀ ní àkókò yẹn.

Ìkarùn-ún ni ìjì àti afẹ́fẹ́, tí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ọ̀nà ilé wa. Bàálù tó ń lọ láti London sí Lagos ń gbéra láti inú agbègbè tí Brussels ń ṣètò, nítorí náà slot lè dá a dúró. Èyí tó ń bọ̀ láti Lagos ń gbéra láti ìta agbègbè náà, Brussels kì í fún un ní slot. Ó ti lo ọ̀pọ̀ wákàtí lórí aṣálẹ̀ Sàhárà àti Òkun Mẹditaréníà kó tó dé Yúróòpù. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀ ní Lagos, tàbí tí afẹ́fẹ́ bá tì í láti ẹ̀yìn, àkókò tó máa wọ ẹkùn ilẹ̀ Faransé tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì ti yí padà. Kò sẹ́ni tó máa ní kó padà sẹ́yìn. Wọ́n ní láti wá àyè fún un.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà àpẹẹrẹ kan parí apá yìí. Ká ní ẹkùn kan lè gba bàálù 40 ní wákàtí kan, tí ìwé náà sì sọ pé 40 ló ń bọ̀. Mẹ́rin ò wá. Mẹ́sàn-án tí kò sí nínú ìṣirò wákàtí yẹn wọlé: òmíràn yá jù, òmíràn pẹ́ jù, òmíràn gòkè láti ìsàlẹ̀. Àpapọ̀ jẹ́ 45. Bí ẹ bá wo àpapọ̀ nìkan, ẹ ó ní ìyàtọ̀ 5 péré ni. Ṣùgbọ́n bàálù 13 ni kò ṣe ohun tí ìwé sọ. Ẹ̀yin tó ń ṣòwò, ẹ ṣọ́ra fún ìyàtọ̀ tí èyí tó lé àti èyí tó dín ti pa ara wọn rẹ́ nínú rẹ̀. Ó máa ń bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan mọ́lẹ̀. Ní Yúróòpù, bí iye tó wọ ẹkùn bá fi ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ju iye tí wọ́n fàyè gbà, wọ́n máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àléjù tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò. 45 nínú 40 ti kọjá ibẹ̀.

Owó ìfura

Ta ló wá ń sanwó? Ẹ fi ara yín sípò olùdarí. Wọ́n ní 40 ń bọ̀, 45 dé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀mí èèyàn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì lè fi tẹ́tẹ́ ṣe é. Ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá ní làákàyè máa ṣe ni pé, nígbà mìíràn, yóò kéde 36 dípò 40. Á fi mẹ́rin pa mọ́ fún àwọn àlejò tí a ò pè. Bí wọn ò bá wá lọ́jọ́ náà, àyè mẹ́rin ti ṣòfò ní gbogbo wákàtí, nígbà tí bàálù mìíràn jókòó sílẹ̀ ní pápákọ̀ tó ń wá àyè kan ṣoṣo.

Owó ìfura la pe èyí. Kò sí nínú ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ kankan. Ẹni tó gun òkè láìsí nínú ètò kò san án. Àwọn tó pa òfin mọ́, tí wọ́n jókòó dúró, ni wọ́n san án. Ohun tó bá ojú ló bá imú.

Yunifásítì Westminster ní London ti bá EUROCONTROL ṣírò iye tí ìdádúró ń ná ilé iṣẹ́ bàálù. Bí a bá fi owó ọdún 2014 wò ó, ìṣẹ́jú kan tó ti ọwọ́ slot wá ń ná wọn ní nǹkan bíi €100 ní ìpíndọ́gba. Ìyẹn ni pé 40 ìṣẹ́jú tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan lè tó €4,000 fún bàálù kan.

Ọdún 2018 burú púpọ̀ ní Yúróòpù. Ìdádúró tó wá láti ojú ọ̀nà òfuurufú nìkan, láìka ti pápákọ̀, tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 19 ìṣẹ́jú. Bí a bá fi €100 sọ ọ́ di púpọ̀, ó sún mọ́ bílíọ̀nù 2 owó euro. Bí wọ́n pín in kárí gbogbo bàálù, ó jẹ́ nǹkan bíi ìṣẹ́jú 1.7 fún ìkọ̀ọ̀kan, nígbà tí àfojúsùn jẹ́ 0.5. Ẹnì kan lè ní kí ni ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ jẹ́. Ìpíndọ́gba ló ń tan olúwarẹ̀: ọ̀pọ̀ bàálù ò dúró rárá, àwọn díẹ̀ sì dúró fún wákàtí kan.

A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́. Kì í ṣe ìyàtọ̀ àárín ìwé àti òfuurufú ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìdádúró yẹn. Àìtó olùdarí, ìjì àti ìdaṣẹ́sílẹ̀ ló fa ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkọ́ olùdarí tuntun ń gba ọdún mélòó kan, kò sì sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún ìjì. Kí a ṣe ohun tí a kọ sínú ìwé, tàbí kí a tètè sọ pé a ò lè ṣe é mọ́, ìyẹn wà lọ́wọ́ ẹni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ 2023 fi bí ìwé ètò ṣe ṣe pàtàkì tó hàn. Ìwé bàálù kan ṣoṣo, tó ń lọ láti Los Angeles sí Paris, ní ibi méjì nínú tí wọ́n ń jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta kan náà, ọ̀kan nílẹ̀ Faransé, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà. Kọ̀ǹpútà NATS, àwọn tó ń darí òfuurufú níbí, kò lè tú u. Ó dáwọ́ dúró, èyí tó wà fún ìrọ́pò náà dáwọ́ dúró. Wọ́n ń fi ọwọ́ kọ ìwé ètò wọlé, wọ́n sì ní láti dín iye bàálù kù gan-an, torí pé ẹni tí kò mọ iye àlejò tó ń bọ̀ kò lè ṣílẹ̀kùn gbayawu. Ìwádìí tí àjọ CAA gbé kalẹ̀ fi hàn pé ó kan èrò tó ju 700,000 lọ.

Ohun tí wọ́n ti ṣe sí i

Wọn ò káwọ́ gbera. Òfin tí Yúróòpù ṣe ní 2010 ní bí ìdá 80 péré, tàbí èyí tó kéré sí i, nínú ọgọ́rùn-ún bàálù tó ń lọ láti pápákọ̀ kan bá pa slot mọ́ lọ́dún kan, kí orílẹ̀-èdè náà wá ṣàlàyé, kó sì sọ ohun tó ṣe nípa rẹ̀. Ní 2007, pápákọ̀ Munich ní Jámánì ṣíwájú nínú ètò kan tí ilé iṣẹ́ bàálù, àwọn oníẹrù, àwọn tó ń pèsè bàálù sílẹ̀ àti àwọn olùdarí fi jọ ń wo aago kan náà: ìṣẹ́jú tí bàálù máa ṣe tán lóòótọ́. Ìròyìn yẹn ń lọ tààrà sí Brussels. Heathrow àti Gatwick náà ti ń lò ó. Kọ̀ǹpútà Brussels ń gba ohun tí rédà rí, ó sì ń tún ìṣirò ṣe bí bàálù ti ń lọ. Ní Maastricht, níbi tí wọ́n ti ń darí òkè òfuurufú Belgium, Netherlands, Luxembourg àti apá kan Jámánì, wọ́n ti ń lo kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ láti inú àkọsílẹ̀ àtẹ̀yìnwá kó lè sọ ọ̀nà tí bàálù máa gbà gan-an, dípò èyí tí ìwé sọ.

Ẹ kíyè sí i pé gbogbo àtúnṣe yìí, ọ̀nà kan náà ni wọ́n tọ̀: kí ìròyìn ìyípadà tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣètò.

Ohun tó kàn wá

Fún ẹ̀yin tó ń múra àtirìn, nǹkan mẹ́ta la fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn.

Ẹ tètè dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń wọ bàálù. Èrò kan tó ṣì wà nídìí ọjà lè mú kí wọ́n tú ẹrù, kí slot bọ́, kí 300 èèyàn tún jókòó dúró.

Ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ìdádúró bàálù ní bí ẹ bá fi wákàtí 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ́ dé, owó gbà-má-bínú wà fún yín. Lórí ọ̀nà jíjìn bíi London sí Lagos, ó lè tó £520. Ṣùgbọ́n àṣẹ àwọn tó ń darí òfuurufú lè jẹ́ ohun tí apá ilé iṣẹ́ bàálù ò ká, tí wọn ò sì ní san owó náà. Síbẹ̀, oúnjẹ, àti ilé ìtura bí ó bá di ọjọ́ kejì, ṣì jẹ́ ẹ̀tọ́ yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí ìdádúró sílẹ̀ fún yín. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti fún wọn ní slot, tó jẹ́ àìmúra tiwọn ló jẹ́ kó bọ́, ọ̀rọ̀ yẹn lè yàtọ̀.

Bí ẹ bá máa wọ bàálù mìíràn lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí òfuurufú Yúróòpù máa ń kún jù.

Fún ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin tó nílé oúnjẹ, tó ń kó ẹrù lọ sílé, tó ń ran aṣọ fún ẹgbẹ́, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò jìnnà. Kò sí ètò tí kì í yí. Ohun tó ń ba òwò jẹ́ ni ìyípadà tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Oníbàárà tí aṣọ rẹ̀ pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láìsí ìpè á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀sẹ̀ méjì kún ọjọ́ tí ẹ dá fún un. Ẹni tó ń kó ọjà fún yín á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó ṣáájú. Owó ìfura nìyẹn, ó sì le ju èlé báńkì lọ nígbà mìíràn. Ẹ máa kọ ìlà mẹ́ta: ohun tí mo ní mo máa ṣe, ohun tí mo ṣe, ìyàtọ̀ wọn. Ẹ má jẹ́ kí èyí tó lé bo èyí tó dín mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá sì ti mọ̀ pé ìlà kejì ò ní bá ti àkọ́kọ́ mu, ẹ gbé fóònù, ẹ pe ẹni tó ń dúró dè yín.